Bí Mo Ṣe Bá Ihò Dúdú Du Ìyàwó Mi

Ẹ̀yin ará Festac tí ẹ máa ń ra oògùn ẹ̀fọ́rí kan ṣoṣo ní ṣọ́ọ̀bù mi, tí ẹ ó sì dúró títí bíi pé ẹ gbàgbé nǹkan, mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ bi mí. Mo ti lọ, mo ti bọ̀, èmi nìkan sì ni mo bọ̀. Ẹ fìdí kalẹ̀ kí n ròyìn ọ̀nà àti ibẹ̀ fún yín, nítorí ohun tí àwọn kan ń sọ káàkiri láti ibí dé Alákijà kò jọ ohun tí ojú mi rí.

Owú ló gbé mi kúrò nílé. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Àwọn ọkùnrin kì í fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé àwọn ń jowú. Wọ́n á ní inú ló ń bí àwọn, tàbí pé àwọn kàn ń béèrè ni. Èmi ń jowú ní tèmi, mo sì gbé owú náà wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Ẹni tí mò ń bá jìjàdù

Ìyàwó mi, Ìtùnú, ọmọ Festac ni bíi tèmi. Ìjọba àpapọ̀ ló fún àwọn bàbá wa méjèèjì nílé níbí nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ọba. Èmi kọ́ ẹ̀kọ́ oògùn, mo sì ṣí kẹ́míìsì. Òun kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ìràwọ̀. Nígbà tó gba oyè dókítà, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọmọ tó ní ibà wá bá a, òun á sì nawọ́ sí mi.

Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ ọlọ́dún méjì yọ fún un ní Gúúsù Áfíríkà, ní aṣálẹ̀ kan tí wọ́n to àwọn àwo irin ńláńlá sí láti máa fi gbọ́ ìgbì rédíò tó ń ti ojú ọ̀run wá. Ohun tó ń ṣọ́ níbẹ̀ ni ihò dúdú kan. Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nìyí: ìràwọ̀ ńlá kan ló kú, tó wó lu ara rẹ̀, tó fún pọ̀ débi pé ìmọ́lẹ̀ pàápàá kò lè jáde níbẹ̀ mọ́. Ìràwọ̀ mìíràn tó ṣì wà láàyè ń yí i ká, ihò náà sì ń fà á mu díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ohun tó ń fà ló ń wọlé. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á tu díẹ̀ sóde pẹ̀lú agbára, bí ẹni tó jẹun yó tó wá gùfẹ̀. Ìgùfẹ̀ yẹn ni àwọn àwo náà máa ń gbọ́. Oṣù púpọ̀ lè kọjá kó tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Nọ́ńbà gígùn ni orúkọ ihò náà nínú ìwé wọn. Ìtùnú ń pè é ní Alájẹkì. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń pe orúkọ náà lórí fóònù, tẹ̀ríntẹ̀rín. Èmi tí mo dúró níwájú pẹpẹ pẹ̀lú rẹ̀, Fẹ́mi lásán ni mò ń jẹ́.

Ohun tó wá dá kún un ni pé wọn kì í gba fóònù láyè nínú ọgbà àwọn àwo yẹn. Tó bá ti wọlé síbẹ̀, a ò ní gbúròó rẹ̀ títí yóò fi jáde. Tó bá sì jáde tí mo pè é, àá sọ̀rọ̀ Alájẹkì, àá wá kan Tèbògo. Tèbògo ni ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Tèbògo ní báyìí, Tèbògo ṣe báyìí. Mo béèrè lọ́jọ́ kan bóyá Tèbògo ní ìyàwó. Ó ní òun ò tíì rò ó rí láti béèrè. Ìdáhùn yẹn kò jẹ́ kí n sùn.

Màmá mi ní tiẹ̀ kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́. A ò tíì bímọ, ó sì bi mí lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Sunday kan bóyá ìràwọ̀ ni Ìtùnú máa bí fún wa. Nígbà tí iṣẹ́ ọlọ́dún méjì náà ń parí lọ, a gbọ́ pé tí Ìtùnú bá rí ìgùfẹ̀ kan gbọ́ dáadáa, wọ́n máa fi ọdún mẹ́ta kún un. Ọjọ́ yẹn gan-an ni bàbá rẹ̀ ránṣẹ́ pè mí. "Fẹ́mi, lọ mú ìyàwó rẹ wálé," ló wí. "Tí o ò bá lè sọ ọ́, sọ pé èmi ni mo rán ọ."

Mo di gàrí, kúlíkúlí àti ata gígún. Mo tún di gbólóhùn kan sínú: Ìtùnú, iṣẹ́ náà ti tó, jẹ́ ká máa lọ sílé. Láti Mazamaza títí dé pápákọ̀ òfuurufú ni mò ń tún un sọ lábẹ́ ẹnu, tí awakọ̀ ń wò mí nínú dígí.

Gàrí lẹ́nu ibodè

Ọ̀dọ́bìnrin tó ń yẹ ìwé wò ní Cape Town wo ìwé ìrìnnà mi, ó wo ojú mi, ó tún wo ìwé náà. Ìwé aláwọ̀ ewé wa yìí máa ń mú kí ojú wọn le, ẹ̀yin náà mọ̀. Ó ní kí ni mo wá ṣe. Mo ní ìyàwó mi ni mo wá wò. Ó ní kí ni ìyàwó mi ń ṣe. Mo ní ihò dúdú ló ń ṣọ́. Ó pe ọ̀gá rẹ̀.

Ọ̀gá náà ní kí n tú ẹrù. Ó rí gàrí nínú ọ̀rá funfun, ó fọwọ́ tọ́ ọ, ó béèrè orúkọ oògùn náà. Mo ti ń ta oògùn tipẹ́, ẹnì kan ò tíì bi mí ní ìbéèrè yẹn nípa gàrí. Mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan, mo dà á sẹ́nu ní gbígbẹ, mo ń rún un níwájú rẹ̀. Ó dúró wò mí fún ìgbà díẹ̀ bóyá màá ṣubú. Nígbà tí mi ò ṣubú, ó ní kí n fún òun náà. Kíkan rẹ̀ fún un lójú pọ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì ní kí n kí ìyàwó mi.

Mo ti ń rò ó pé àwọn ará ibẹ̀ kò burú nígbà tí mo jáde síta. Ìtùnú sáré wá, ó fò mọ́ mi. Ó ti rù díẹ̀, oòrùn sì ti sọ ọ́ di dúdú, ó rẹwà sí i. Mi ò rántí owú kankan nígbà yẹn. Lẹ́yìn náà ni mo gbójú sókè, mo sì rí ọkùnrin gíga kan tó ń rẹ́rìn-ín sí wa. Báàgì ìyàwó mi ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀nà tó lọ tààrà

Tèbògo ló wa ọkọ̀. Ó pè mí ní arákùnrin òun, ó gbé ẹrù mi kí n tó sọ pé kó má gbé e. Ìtùnú jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní òun máa ń bá a wo ọ̀nà. Ẹ̀yin ará mi, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó sì lọ tààrà.

Ilẹ̀ náà tẹ́ lọ rẹrẹ, ó pupa, ó gbẹ, igbó rẹ̀ kò ga ju orúnkún lọ. Àwọn òkè kan wà lọ́ọ̀ọ́kán tí orí wọn tẹ́jú bíi pé wọ́n fi ọ̀bẹ gé e. Kò sí ẹni tó ń ta nǹkan lẹ́bàá ọ̀nà, kò sí ẹni tó dúró de ọkọ̀. Èmi tí ariwo jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò máa ń mú sùn, ìdákẹ́jẹ́ náà ń dún létí mi. Ìtùnú ṣí ìgò omi, ó nà án sí Tèbògo láìjẹ́ pé ó béèrè. Mo fọkàn sí ìyẹn fún ìrìn-àjò gígùn kan.

Ọkọ̀ kì í wọ́pọ̀ lójú ọ̀nà náà, ṣùgbọ́n gbogbo èyí tó bá pàdé wa, ẹni tó ń wà á á na ìka kan sókè lórí sítíárìn. Ní ọ̀dọ̀ wa, tí awakọ̀ bá na ìka sí ọ, o ti mọ̀ pé ìjà dé. Mo bi Tèbògo ohun tí a ṣe fún wọn. Ó ní wọ́n ń kí wa ni, pé ní ilẹ̀ tí ènìyàn ò pọ̀ báyìí, ẹni tí o bá rí, o gbọ́dọ̀ kí i. Nígbà tó yá, èmi náà ń na ìka sókè lẹ́yìn ọkọ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè rí mi.

Ọkọ obìnrin àwọn ìràwọ̀

Ìlú kékeré tí a kọ́kọ́ sùn sí, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Tánì Ráhẹ̀lì, bí àwa ṣe ń pe Àǹtí, ni Ìtùnú ń gbé níbẹ̀ tí kò bá sí nínú ọgbà. Nígbà tí ìyá náà jáde, mo dọ̀bálẹ̀. Ó lọgun. Ó rò pé oòrùn ló pa mí, ó sì ti ní kí wọ́n bu omi wá kí Ìtùnú tó ṣàlàyé. Látọjọ́ yẹn, ó máa ń na ọwọ́ méjèèjì síwájú tí mo bá ń bọ̀, kó lè tètè gbá mi mú.

Ó sun ìhà àgùntàn fún wa lórí ẹyín iná, ó sì sun búrẹ́dì pẹlẹbẹ lórí irin kan náà. Tíì pupa kan wà tí wọ́n ń ṣe láti ara igi ilẹ̀ wọn, ó dùn, kì í korò. Ẹran náà rọ̀, òórùn èéfín igi wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n iyọ̀ nìkan ni wọ́n fi sí i. Mo yọ ata gígún mi. Tánì Ráhẹ̀lì gbóòórùn rẹ̀, ó sún àga rẹ̀ sẹ́yìn. Tèbògo ní tiẹ̀ na ọwọ́ gba ike náà, ó wọ́n ata sórí ẹran rẹ̀ bí ọmọ Ìjẹ̀bú, ó sì ń jẹ ẹ́ láìfọn imú. Mi ò béèrè ẹni tó kọ́ ọ.

Mo jáde rìn nílùú lọ́jọ́ kejì, ìyá náà sì bá mi lọ. Ẹni tó bá gbọ́ pé ọmọ Nàìjíríà ni mí, á fún báàgì rẹ̀ mọ́ra díẹ̀, á wá bi mí bóyá ọjà ni mo wá tà. Tánì Ráhẹ̀lì á sì sọ pé rárá o, ọkọ obìnrin àwọn ìràwọ̀ ni. Kíá, ojú wọn á yí padà, wọ́n á bọ̀ mí lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó béèrè orúkọ mi nílùú yẹn títí mo fi kúrò. Ní Festac, Ìtùnú ni ìyàwó Fẹ́mi oníkẹ́míìsì. Níbẹ̀, kò sí Fẹ́mi kankan. Mo jẹ ata púpọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ohun tí mo gbàgbé lẹ́nu géètì

Wọ́n gbà kí n bá Ìtùnú wọ ọgbà àwọn àwo náà fún ọjọ́ díẹ̀. Lẹ́nu géètì, wọ́n gba fóònù mi, wọ́n gba aago ọwọ́ mi, wọ́n ní kí n fi ẹ̀rọ tí mo fi ń fá irùngbọ̀n sílẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn àwo yẹn ń tẹ́tí sí ohun tó rẹlẹ̀ gan-an láti ọ̀nà jíjìn, ẹ̀rọ kékeré kan tó bá sún mọ́ wọn lè bo gbogbo rẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá ẹ̀rọ mìíràn kù lọ́wọ́ mi. Mo ní kò kù, mo sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn.

Ẹ̀yin náà, ẹ bá mi dá a. Fáànù kékeré tí a ń fi bàtìrì lò, èyí tó máa ń wà lẹ́bàá ibùsùn gbogbo ilé ní Amuwo-Odofin, ṣé ẹ̀rọ lẹ ń pè é? Mo ti bá tèmi gbé pẹ́ débi pé mo kà á mọ́ aṣọ. Mo dì í láàárín ṣòkòtò méjì nítorí pé mi ò gbàgbọ́ pé ilẹ̀ kan wà tí wọn kì í ti í mú iná lọ.

Àwọn àwo náà funfun, wọ́n pọ̀, wọ́n tò lọ títí ojú kò fi tó wọn mọ́. Bí mo ṣe ń wò wọ́n, gbogbo wọn yí orí lẹ́ẹ̀kan náà, jẹ́jẹ́, bí ìjọ tó bojú wẹ̀yìn wo ẹni tó pẹ́ dé. Ìtùnú ní Alájẹkì ni wọ́n ń kọjú sí yẹn. Oòrùn wà lójú ọ̀run, kò sí ìràwọ̀ kankan níbẹ̀. Ó ní ohun tí àwọn ń gbọ́ kò nílò òkùnkùn. Ó fi mí sílẹ̀ nínú yàrá kékeré kan ní ilé àwọn òṣìṣẹ́, ó ní òun ń bọ̀, ó sì bá Tèbògo lọ.

Ooru mú. Mo bọ́ ẹ̀wù, mo yọ fáànù mi, mo tàn án.

Mo ti gbádùn rẹ̀ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Tèbògo ló wọlé, ọ̀pá eriali kan lọ́wọ́ rẹ̀ bíi ti tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, tó ń nà án sọ́tùn-ún sósì. Ìtùnú wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pá náà wá kiri yàrá, ó sì dúró sí àárín orúnkún mi.

"Fẹ́mi, kí lèyí?"

"Fáànù ni."

"O gbé fáànù wá láti Festac?"

"Tí wọ́n bá mú iná lọ ńkọ́?"

Ìtùnú kò rẹ́rìn-ín. Ó pa fáànù náà fúnra rẹ̀. "Alájẹkì ti ń gùfẹ̀ láti àárọ̀," ló wí. "Ọdún méjì ni mo fi dúró dè é. Fáànù rẹ ni gbogbo ohun tí a gbọ́."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Ẹ gbọ́ òtítọ́: ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé ọdún mẹ́ta ti wọgbó, ìyàwó mi ń bá mi lọ sílé. Inú mi dùn. Mo wá rí i bó ṣe ń fi ìka nu eruku ara fáànù náà láìmọ̀ pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀, bí ẹni tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò mọ ibi tó máa gbé ọwọ́ sí. Ìdùnnú mi pòórá.

Iṣẹ́ tí mo ṣe fún Alájẹkì

Tèbògo ló ronú kàn án. Ó ní ariwo fáànù ní bó ṣe máa ń lọ, kì í yí padà. Tí àwọn bá gbọ́ ọ ní òun nìkan dáadáa, àwọn lè yọ ọ́ kúrò lára ohun tí àwọn ti gbà sílẹ̀, kí ìgùfẹ̀ náà lè ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó ti fáànù náà kó máa tàn án, kó máa pa á, kó máa yí i láti kékeré sí ńlá, nígbà tí wọ́n bá ti ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì wò mí.

Bí mo ṣe di òṣìṣẹ́ orogún mi nìyẹn. Wọ́n darí àwọn àwo sí ibòmíràn, Ìtùnú sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ké sí mi: tàn án, pa á, gbé e sókè. Òógùn bò mí níwájú fáànù tó ń ṣiṣẹ́. Mo ń ṣe é, mo ń bú Alájẹkì nínú, n kò sì jẹ́ kí ọwọ́ mi ṣàṣìṣe lẹ́ẹ̀kan.

Wọ́n pè mí wá wo kọ̀ǹpútà kí ọjọ́ tó rọ̀. Ìlà kan ló wà lójú rẹ̀. Ó lọ pẹlẹbẹ, ó gùnkè lójijì, ó wá ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò ju ìyẹn lọ. Tèbògo pàtẹ́wọ́. Ìtùnú fọwọ́ bo ẹnu, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ láìdúró. Mo mọ gbogbo ojú tí ìyàwó mi ní, ṣùgbọ́n mi ò mọ ojú yẹn. Lẹ́yìn tí mo délé, mo gbé fídíò ìgbéyàwó wa jáde, mo wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí níbẹ̀.

Mo jowú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kì í ṣe ihò náà nìkan. Òun gan-an ni mo jowú. Mi ò ní ohun kan láyé mi tó lè mú mi sunkún báyẹn, bẹ́ẹ̀ mo ti ń ṣí ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé láti ilé

Ìròyìn dé kí n tó padà pé wọ́n ti fi ọdún mẹ́ta náà sílẹ̀ fún un tó bá fẹ́ ẹ. Òun ló sọ fún mi, níwájú ilé Tánì Ráhẹ̀lì, nígbà tí a ń mu tíì pupa ní òwúrọ̀. Ó gbé ife rẹ̀ sílẹ̀.

"Bàbá mi ló rán ẹ, àbí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Mo mọ ohun tó o wá sọ. Sọ ọ́. Tó o bá ní kí n máa bọ̀, màá di ẹrù mi lónìí, mi ò sì ní bínú sí ẹ."

Ohun tó le jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé òótọ́ ló ń sọ. Mo mọ̀ ọ́n. Gbólóhùn mi wà lẹ́nu mi, mo ti tún un sọ débi pé ó ti dán. Mo ro ti màmá mi, mo ro ti bàbá rẹ̀, mo ro ti ilé tí mò ń wọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ tí kò sí ẹni tó ń dáhùn. Mo la ẹnu. Ohun tó jáde ni ìbéèrè.

"Tó o bá lọ, ta ló máa máa ṣọ́ Alájẹkì?"

"Tèbògo ni. Òun ni wọ́n máa gbé gbogbo iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́."

"Tó bá tún gùfẹ̀ ńkọ́?"

"Orúkọ Tèbògo ló máa wà níwájú nígbà yẹn. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Mo bojú wo òdìkejì títì. Tèbògo wà níbẹ̀, ó ń fọ ọkọ̀, ó ń súfèé. Ìyàwó mi fi ọdún méjì jókòó ti ihò yìí, kò jẹun dáadáa, kò sùn dáadáa, èmi wà ní Festac láìníyàwó nítorí rẹ̀, mo ti jókòó níwájú fáànù nítorí rẹ̀, kí ọkùnrin yìí wá rọra gbé e?

"Dúró," mo ní. "Má lọ síbì kankan."

Ìtùnú wò mí, ó yíjú wo Tèbògo, ó tún wò mí. Ó mọ̀ mí. Ẹ̀rín gbé e débi tí tíì fi dà sí i lára, ó sì wá dì mọ́ mi pẹ̀lú aṣọ tútù náà. Nígbà tí ẹ̀rín náà tán, kò tíì fi mí sílẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. Bàbá rẹ̀ ń dáhùn ìkíni mi báyìí bí ẹni tó ń gba rìsíìtì. Màmá mi ní wọ́n ti sa oògùn sí mi. Ilé náà ṣófo, kò rọrùn fún mi, mi ò ní purọ́ fún yín. Ìtùnú jáde nínú ọgbà láàárọ̀ yìí, ó sì pè mí. Kí n tó béèrè àlàáfíà rẹ̀, mo bi í bóyá Tèbògo ti fọwọ́ kan Alájẹkì. Ó ní rárá. Mo ní kó má dẹra nù o, kó máa ṣọ́ ọ.